Bí o ṣe lè ṣe ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè láṣeyọrí láti yunifásítì ní Èkìtì

Lọ́dọọdún, bí ìgbà IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe níbi iṣẹ́, bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì mi ní Adó-Èkìtì: “Sà, wọ́n ti gbà mí fún ìkọ́ṣẹ́ kan lókè òkun. Kí ni kí n ṣe tí ojú kò fi ní tì mí?” Àwọn mìíràn kò tíì rí ibi tó gbà wọ́n, wọ́n kàn fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà ọkọ̀ òfuurufú ni yóò gbé ọ dé ibi iṣẹ́ náà, tàbí orí kọ̀ǹpútà nínú yàrá rẹ ní Ìwòròkò ni o ti máa ṣe é.

Nínú gbogbo àwọn tí mo rí tí irú iṣẹ́ yìí bọ́ mọ́ lọ́wọ́, àìmọ̀wé kọ́ ló kó bá ọ̀pọ̀ wọn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Apá tó sọ nípa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ ni mo sì kọ gùn jù. Bí o kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ka ìyẹn.

Kí o tó kọ̀wé béèrè

1. Ka ìlànà nípa irú ẹni tí wọ́n ń gbà kí o tó ka ohunkóhun mìíràn. Ètò ìkọ́ṣẹ́ RISE Germany ti DAAD, àjọ ilẹ̀ Jámánì tó ń rí sí pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fún àpẹẹrẹ, wà fún àwọn tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland; síbẹ̀ mo ti rí ọmọ wa tó fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìwé tí yóò fi ránṣẹ́ sí wọn. Sẹkitéríàtì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń gba ẹni tó wà ní ọdún àṣekágbá, ṣùgbọ́n wọn kì í sanwó fún un, nítorí náà bùkátà ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ yóò di ti òbí rẹ. Lára àwọn tí ilẹ̀kùn wọn ṣí sí ọmọ Nàìjíríà ni Outreachy àti Google Summer of Code, àwọn ètò iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí a ń ṣe láti ilé, tí wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti pé ọdún 18. Ètò ìkọ́ṣẹ́ ìwádìí ti yunifásítì OIST wà ní Okinawa, nílẹ̀ Japan. Ti yunifásítì KAUST sì wà ní Saudi Arabia. Àwọn méjèèjì yìí máa ń bójú tó ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ òfuurufú.

2. Gbé kàlẹ́ńdà ilé ìwé rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìkọ́ṣẹ́ náà. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Lẹ́yìn irú rẹ̀, ìdánwò lè bọ́ sí oṣù tí ẹnikẹ́ni kò rò. Bí o bá wà ní yunifásítì ìjọba, má ṣe búra fún wọn pé ọwọ́ rẹ yóò dilẹ̀ ní oṣù báyìí-báyìí bí kò bá sí ìwé láti ẹ̀ka rẹ. Sọ ọjọ́ ìdánwò tí o mọ̀, kí o sì sọ èyí tó ṣeé ṣe kó yẹ̀.

3. Lọ rí ẹni tó ń bójú tó IT ní ẹ̀ka rẹ kí o tó tọwọ́ bọ̀wé. Béèrè bóyá wọn yóò ka ìkọ́ṣẹ́ náà sí SIWES, ìyẹn ètò IT ti ìjọba, fún ọ, ta ni yóò máa fọwọ́ sí lọ́gíbúùkù rẹ, ìwé tí o ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà bẹ̀ ọ́ wò nígbà tí o kò sí nítòsí. Oṣù mẹ́fà ni SIWES àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò òkè òkun kì í ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ, ìwọ ni yóò sì wá ibi tí o ti máa lo èyí tó kù. Ní kí ó kọ ìdáhùn náà sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá tó ti gba ìgbéga lọ sí ọ́fíìsì mìíràn kò ní gbà ọ́ lọ́jọ́ tí máàkì kò bá jáde.

4. Rí i dájú pé bákan náà ni orúkọ rẹ rí lórí NIN, pásípọ́ọ̀tù, èsì WAEC àti ìwé ilé ìwé. Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n: Olúwaṣeun lórí ìwé kan, Ṣeun lórí òmíràn, orúkọ bàbá níwájú níbí, ó di ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ẹ́ḿbásì kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, pásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún márùn-ún, olójú ewé 32, ti di ₦100,000; ọlọ́dún mẹ́wàá, olójú ewé 64, ti di ₦200,000. Má ṣe dúró dìgbà tí wọ́n bá gbà ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kiri.

5. Kọ ìwé rẹ fún ibi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ìwé kan náà tí a fi ránṣẹ́ sí ibi ogún, tí a kàn ń yí orúkọ iléeṣẹ́ padà, kì í fara pamọ́ fún ẹni tó ń kà á. Sọ iṣẹ́ wọn tí o ti kà, apá tí o lè bá wọn ṣe níbẹ̀, àti ohun tí o ti ṣe rí tó jọ ọ́, ì báà jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ jìbìtì náà wà níbẹ̀ o. Bí o bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí, dúró ná:

- Wọ́n ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, owó “àyẹ̀wò” tàbí owó físà sí àkáǹtì ẹnì kan.
- Wọ́n gbà ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, tí wọn kò sì béèrè iṣẹ́ kankan tí o ti ṣe.
- Orí WhatsApp nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, kò sí ímeèlì tó ní orúkọ iléeṣẹ́ náà lẹ́yìn.
- Wọ́n ń fi ìkánjú lé ọ: “Kí ilẹ̀ òní tó ṣú.”

Bí o bá máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ

Iléeṣẹ́ tó gbà ọ́ ló yẹ kó sọ irú físà tí o nílò fún ọ. Má ṣe gba físà ìbẹ̀wò láti fi lọ ṣe ìkọ́ṣẹ́, kódà bí ẹni tó gbà ọ́ bá ní kò séwu. Ìwọ ni wọn yóò dá padà, kì í ṣe òun. Físà J-1 ni ti Amẹ́ríkà, o kò sì lè béèrè fún un láìsí ìwé DS-2019 tí àjọ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ bá fi ránṣẹ́. Ìlànà wọn fún ọmọ Nàìjíríà máa ń yí padà, nítorí náà ojú ewé ẹ́ḿbásì ni kí o gbà gbọ́, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Fún físà Schengen, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, adójútòfò ìlera tó tó €30,000 ni wọ́n ń béèrè. Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí o sì gba yellow card rẹ lọ́nà tó tọ́. Bí o bá dé Jámánì tí o sì fẹ́ gbé níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá kó wọ ilé ni o gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀. Láìsí ìwé tí wọ́n bá fún ọ níbẹ̀, àkáǹtì báńkì pàápàá lè di wàhálà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́nu iṣẹ́

1. Kọ orúkọ ẹni mẹ́ta sílẹ̀: ẹni tó ń fún ọ níṣẹ́, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, àti ẹni tí o lè bi ní ìbéèrè wẹ́wẹ́. Nígbà mìíràn ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n má ṣe méfò.
2. Bi ọ̀gá rẹ pé: “Bí ìkọ́ṣẹ́ yìí bá parí, kí ni ẹ fẹ́ kó wà nílẹ̀ tí kò sí nílẹ̀ lónìí?” Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fi ohun tí o kọ ránṣẹ́ padà sí i láti mọ̀ bóyá o gbọ́ ọ yé.
3. Béèrè ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, bóyá ímeèlì ni tàbí Slack, áàpù tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, àti bí ó ṣe yẹ kí o tètè dáhùn tó.
4. Pe ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe fẹ́ kí a pe òun.

Ìkẹrin yẹn máa ń ni ọmọ tí a tọ́ ní Èkìtì lára. Ọ̀gá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò ní kí o máa pe òun lórúkọ àbísọ, ahọ́n rẹ yóò sì wúwo. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi oyè àti orúkọ ìdílé kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Bí ẹni náà bá fi orúkọ àbísọ nìkan parí èsì rẹ̀, òun náà ni kí o fi pè é láti ìgbà náà lọ. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó ń fi “sà” sí ìparí gbolohùn kọ̀ọ̀kan ló máa ń jẹ́ kí ara ni wọ́n.

Aago: àṣìṣe tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe

Aago tiwa kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

- Jámánì àti Faransé: bákan náà pẹ̀lú tiwa nígbà òtútù. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa.
- Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bákan náà pẹ̀lú tiwa nígbà ooru, nígbà òtútù, àwa la fi wákàtí kan ṣíwájú.
- New York: wọ́n fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn wa nígbà ooru, mẹ́fà nígbà òtútù.
- Japan: wákàtí mẹ́jọ ṣíwájú wa, kì í yí padà.

Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo ń bá àwọn kan ní Jámánì ṣiṣẹ́ láti ilé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìpàdé wa, mo sì ti ń wọlé ní mẹ́wàá tiwa láti oṣù Kìíní. Ní ọjọ́ Ajé kan lópin oṣù Kẹta, mo múra, mo sanwó dátà, mo jókòó, mo tẹ ìlujá ìpàdé náà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìpàdé ti parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, apá tèmi ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ náà, aago méjì ló wà lójú fóònù mi. Fi ti ìlú wọn sójú fóònù tìrẹ náà, kí o sì máa kọ orúkọ ìlú mọ́ aago nígbàkigbà tí o bá ń dá ọjọ́: “aago mẹ́wàá Berlin.”

Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Má ṣe dúró kí iná lọ kí o tó ronú. Kí ìkọ́ṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí èyí ti wà nílẹ̀:

- Síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó yàtọ̀ síra, kí dátà sì wà lórí méjèèjì.
- Ibi méjì tí o lè sá lọ bí iná bá lọ: ilé ọ̀rẹ́ tó ní ínfátà tàbí sólà, láìbírì, tàbí ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní tòsí.
- Àwọn fáìlì iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ gan-an, kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, kí o lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já.
- Bátìrì tó lè gbé kọ̀ǹpútà rẹ fún wákàtí mẹ́ta. Bí tìrẹ bá ti kú, owó àkọ́kọ́ tí wọ́n bá san fún ọ, bátìrì ni kí o fi rà.
- Nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì ọ̀gá rẹ nínú fóònù kékeré, níbi tí o ti lè rí i nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kú.

Sọ bí iná ṣe rí ní àdúgbò rẹ fún ọ̀gá rẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí kò tíì sí wàhálà. Àlàyé tó ṣáájú ìṣòro ni wọ́n ń pè ní àlàyé. Èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, àwáwí ni.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Nílé wa, ọmọ tí àgbà ń bá sọ̀rọ̀ tó dákẹ́ ni ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó gbọ́, ó ní “bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ó lọ, ó wá ọ̀nà bí yóò ṣe ṣe é, bí kò bá sì rọ́nà, yóò tún dákẹ́ títí àgbà yóò fi béèrè. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ tí o ń lọ, ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé ni. Bí ọjọ́ bá wá pé tí iṣẹ́ kò sì sí nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rò pé ọ̀wọ̀ ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Wọn yóò rò pé o tàn wọ́n ni.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tí wọ́n fún ní fáìlì òjò: ọjọ́ lápá òsì, iye òjò lápá ọ̀tún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà. Kí ó tún un tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó rí i pé ibì kan kọ 25/03, ibòmíràn kọ 03/25. Nígbà tó wá kan 03/04, kò mọ̀ bóyá ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ni tàbí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Ó rò pé bí òun bá béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní òun kò mọ kàlẹ́ńdà. Ó méfò, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì fi ṣe é lórí ìméfò yẹn. Nígbà tó fi ránṣẹ́, ìlà méjì ni ọ̀gá náà fi dá a lóhùn: ọ̀nà àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ àwọn fáìlì àtijọ́, ọ̀nà tiwa ni wọ́n fi kọ àwọn tuntun, ó sì sọ ọdún tó yí padà. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Wọn kò lé e, ṣùgbọ́n wọn kò tún fún un ní iṣẹ́ ńlá mọ́ títí ó fi parí.

Inú odó la ti ń ṣa kókó iyán. Bí a bá ti bù ú sínú àwo, ẹnu àlejò ni yóò ti dún. Báyìí ni kí o ṣe é:

1. Bí ohun kan bá dá ọ dúró fún wákàtí méjì, béèrè. Má jẹ́ kó di ọ̀la.

2. Fi gbolohùn mẹ́ta béèrè: ohun tí o fẹ́ ṣe, ohun tí o ti dán wò, ibi tó ti há. Ẹni tó kọ “kò ṣiṣẹ́” nìkan yóò gba ìbéèrè mẹ́rin padà kí ó tó gba ìdáhùn kan. Ẹni tó kọ pé “Mo fẹ́ to ọjọ́ inú fáìlì náà. Mo rí ọ̀nà ìkọ̀wé méjì, mo sì ti ya èyí tó dá mi lójú sọ́tọ̀. Èwo ni kí n gbà fún àwọn ìlà tó kù?” ti fi hàn pé òun ronú.

3. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́, yálà wọ́n béèrè tàbí wọn kò béèrè: ohun tí mo ṣe lónìí, ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́la, ohun tó dí mi lọ́wọ́. Bí kò bá sí ìdíwọ́, kọ pé kò sí.

4. Bí iná bá lọ, sọ ọ́ kí gbèdéke tó kọjá, kí o sì dá ọjọ́ tuntun: “Kò sí iná ní àdúgbò mi láti aago méjì. Apá kìíní ti parí, mo so ó mọ́ lẹ́tà yìí. Apá kejì yóò dé ọwọ́ yín lọ́la kí aago mẹ́wàá Berlin tó lù.” Má kọ ìtàn NEPA fún wọn.

5. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọ nínú ìpàdé, má ṣe mi orí. Sọ ọ́ padà pé: “Ohun tí mo gbọ́ ni pé kí n ṣe báyìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ láti sọ̀rọ̀ nítorí ohùn ẹnu rẹ, kọ ohun tí o fẹ́ sọ sílẹ̀ ṣáájú, kí o sì fi àkópọ̀ ohun tí ẹ fẹnu kò sí ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi àkópọ̀ yìí gbayì ju àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

6. Bí o bá béèrè tí wọn kò dáhùn, dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí o tún béèrè. Wọn kò bínú. Lẹ́tà rẹ ti bọ́ sísàlẹ̀ àwọn mìíràn ni. Ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú èyí tó wà nílẹ̀ títí ìdáhùn yóò fi dé.

Má ṣe wá kọjá ààlà sí òdìkejì. Ohun tí ìwé ìtọ́ni wọn ti sọ, má ṣe béèrè rẹ̀. Kó ìbéèrè wẹ́wẹ́ jọ, kí o sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n bá tún iṣẹ́ rẹ ṣe

Àwọn kan yóò kọ ohun ogún sára iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́, láìkọ́kọ́ kí ọ kú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn ni, má ṣe kà á sí ìbínú. Dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan: “mo ti ṣe é,” tàbí “mo fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ nítorí báyìí.” O lè ta kò wọ́n, bí o bá ní ìdí.

Béèrè bóyá wọ́n gbà kí o lo ChatGPT àti irú rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà, má ṣe da ìsọfúnni iléeṣẹ́ tàbí orúkọ oníbàárà wọn sínú rẹ̀.

Owó

Ṣí àkáǹtì dọ́là ní báńkì rẹ kí ìkọ́ṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ní orúkọ kan náà tó wà lórí pásípọ́ọ̀tù. Béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń sanwó, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án, àti ẹni tí owó ìfiránṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Má ṣe lo àkáǹtì ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́. Owó tí orúkọ àkáǹtì rẹ̀ kò bá ti ìkọ́ṣẹ́ mu máa ń há sí báńkì.

Bí nǹkan bá dorú

- Ọ̀gá iṣẹ́ kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba pásípọ́ọ̀tù rẹ pa mọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, sọ fún àjọ tó ṣètò ìkọ́ṣẹ́ náà àti iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní ìlú yẹn.
- Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ tàbí ọwọ́ kàn ọ́ lọ́nà tí kò tọ́, kọ ọjọ́, aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì sọ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni náà.
- Bí àìsàn bá dé, lẹ́tà onígbolohùn kan tó. Wọn kò béèrè orúkọ àìsàn náà.
- Bí o bá rí i pé iṣẹ́ náà ju agbára rẹ lọ, sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, kí wọ́n lè gé e kéré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kò sí ohun tí wọ́n lè gé mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn

1. Dá iṣẹ́ tuntun dúró, kí o sì kọ ìwé tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ yóò fi mọ ibi tí o bá iṣẹ́ dé: ohun tó parí, ohun tó kù, ibi tí fáìlì wà.
2. Béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí nígbà tí o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kọ ohun mẹ́ta tí o ṣe ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ kí ó lè rí ohun sọ; lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, yóò ti gbàgbé.
3. Béèrè ohun tí o lè fi hàn nínú CV rẹ àti ohun tó jẹ́ àṣírí iléeṣẹ́.
4. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí lọ́gíbúùkù àti fọ́ọ̀mù SIWES rẹ kí ímeèlì tí wọ́n ṣí fún ọ tó kú. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ òkè òkun kò ní òǹtẹ̀ rọ́bà, bẹ́ẹ̀ òǹtẹ̀ ni ẹ̀ka wa yóò béèrè. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì iléeṣẹ́ lókè, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.
5. Ya àwòrán gbogbo ojú ewé lọ́gíbúùkù náà kí o tó fi í lélẹ̀ ní ẹ̀ka. Ìwé máa ń sọnù láàárín ọ́fíìsì kan àti èkejì, ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà lọ́wọ́ ni yóò sì tún un kọ láti ojú ewé kìíní.